Ìtàn Ìfẹ́ Onídán fún Ọ̀dọ́: Èwo Ni Adùn Rẹ̀ Máa Dé Ìparí?

Orí mẹ́ta àkọ́kọ́ ló ń ta ìwé. Òun ni òǹkọ̀wé sábà máa ń fi ránṣẹ́ sí alárinà tí yóò bá a wá ilé iṣẹ́ ìtẹ̀wé, òun náà sì ni ilé ìtajà orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń fún wa tọ́ wò lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ìwé bá ní 100,000 ọ̀rọ̀, tí ìtọ́wò sì jẹ́ nǹkan bí 10%, bó ṣe sábà máa ń rí lórí Kindle (ẹ̀rọ ìkàwé ti ilé iṣẹ́ Amazon), 10,000 ọ̀rọ̀ péré lẹ ó kà kẹ́ ẹ tó sanwó. Nígbà yẹn, ọmọbìnrin inú ìtàn ti rí ọmọkùnrin tó máa fẹ́ràn, idán ti ṣẹ́ yọ, ṣùgbọ́n a ò tíì mọ̀ bóyá ìfẹ́ wọn máa yí ohunkóhun padà. Àárín ìwé ni ìlérí ti máa ń yẹ̀, ibẹ̀ ló sì yẹ ká fi díwọ̀n.

Ìwé tó dá dúró àti apá kìíní nínú mẹ́ta

Ìwé tó dá dúró gbọ́dọ̀ parí gbogbo ohun tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá máa kùnà, ìkánjú ló máa ń pa á: ogun tí wọ́n ti fi ń dẹ́rù bà wá láti orí kejì á parí láàárín ojú ìwé mẹ́wàá, ìfẹnukonu kan á sì tú ègún tí ìran mẹ́ta ò rí tú.

Ìfàgùn ni àìsàn apá kìíní. Òǹkọ̀wé ní láti fi nǹkan pamọ́ de apá kejì, nítorí náà àwọn olólùfẹ́ á máa bínú síra wọn fún 150 ojú ìwé lórí ọ̀rọ̀ tí ìjókòó kan ṣoṣo ìbá yanjú. Ẹ wò ó bóyá apá ìkẹyìn ti jáde, kẹ́ ẹ sì ka ohun táwọn òǹkàwé sọ nípa apá kejì. Bí ọ̀pọ̀ wọn bá ní ibẹ̀ gan-an ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, owó ìwé méjì lẹ fẹ́ san fún ìbẹ̀rẹ̀. Ìtàn alápá méjì la fẹ́ràn jù: àyè wà fún ìfẹ́ láti dàgbà, kò sì sí apá àárín tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju afárá lọ.

Idán tó ń gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni àti idán ọ̀ṣọ́

Ìyàtọ̀ tó tóbi jù nìyí. Ká ní orí kìíní sọ pé nígbàkigbà tí ọmọbìnrin náà bá pe iná, ohun kan tó máa ń rántí á parẹ́ lọ́kàn rẹ̀. Ìlérí ńlá nìyẹn. Lọ́wọ́ ẹni tó mọṣẹ́, ìrántí ọjọ́ tí òun àti olólùfẹ́ rẹ̀ pàdé ló máa wà nínú ewu tó bá yá, idán àti ìfẹ́ á sì di ìjà kan náà. Lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ọmọkùnrin náà á dé ní orí karùn-ún, a ò sì ní gbọ́ nípa ìrántí mọ́ títí dìgbà ìjà àṣekágbá, níbi tí agbára tuntun kan á ti yọ láìgba nǹkan kan. Ìdí ni pé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ro ìtàn ìfẹ́ àti ìtàn idán náà. Bí ọ̀kan bá ti ń rìn, èkejì á dúró.

Nínú ìtọ́wò, ẹ wo ohun tí ọmọbìnrin náà ń wá kó tó rí ọmọkùnrin náà: bóyá àbúrò tí wọ́n jí gbé, bóyá ìtẹ́ bàbá rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wà ní ilé ìtàwé, ẹ ṣí ìwé náà sí ìdajì gan-an, kẹ́ ẹ ka ojú ìwé mẹ́rin. Bí ọ̀rọ̀ àbúrò yẹn ò bá jẹ yọ rárá, tó jẹ́ ojú àti èjìká ọmọkùnrin nìkan lẹ̀ ń kà, ẹ dá a padà sórí pẹpẹ.

Bákan náà ni ti àwọn ọ̀tá tó di olólùfẹ́. Bó bá jẹ́ pé àwọn èèyàn ọmọkùnrin náà ló jó ìlú ọmọbìnrin náà, ó yẹ kó jíhìn. Ìwé tó bá wá sọ lẹ́yìn 300 ojú ìwé pé ẹlòmíì ló dáná sun ún ti fi ìkórìíra tó mú wa ra ìwé náà ṣòfò. Ti ọmọkùnrin méjì tó ń dù ọmọbìnrin kan ò le tó bẹ́ẹ̀: tẹ́ ẹ bá ti mọ ẹni tó máa mú ní orí kẹrin, kò sí ìdíje níbẹ̀.

Irú èyí tẹ́ ẹ máa rà

Ìwé bébà ẹlẹ́yìn rírọ̀ ló dáa jù fún ẹni tó fẹ́ yẹ àárín wò. Ti orí ẹ̀rọ ṣeé dá padà fún Kindle láàárín ọjọ́ 7, ṣùgbọ́n kò rọrùn mọ́ tẹ́ ẹ bá ti kà kọjá 10%. Ìwé àfetígbọ́ fún 100,000 ọ̀rọ̀ máa gba nǹkan bíi wákàtí 10 sí 11, àárín tó ń wọ́ á sì wọ́ jù létí ju lójú lọ. Ẹlẹ́yìn líle tí wọ́n kun etí rẹ̀ lọ́dà, ẹ fi sílẹ̀ dìgbà tẹ́ ẹ bá ti ka ìwé náà tán tó sì wù yín láti tọ́jú rẹ̀.

Tó bá kan ìràwọ̀ táwọn òǹkàwé fún ìwé, ọ̀pọ̀ èyí tó wà níbẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìjáde wá látọ̀dọ̀ àwọn tó gba ẹ̀dà ọ̀fẹ́. Àwọn tó fún un ní ìràwọ̀ mẹ́ta ni kẹ́ ẹ kà, torí wọ́n sábà máa ń sọ orí tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ gan-an.