Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú fíùsì o: Honda bàbá mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná mọ́ mi lábẹ́

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún alùpùpù àtijọ́ ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó fún ẹnikẹ́ni. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ méjì, inú ṣì ń bí mi. Ojú ń tì mí pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, ẹlòmíràn ni ọkùnrin tó ta fíùsì yìí fún mi máa tà á fún lọ́la.

Honda CB175 ni. Bàbá mi ló rà á lọ́dún 1972, nígbà tí wọ́n ń ṣe tíṣà. Òun ni wọ́n fi gbé ìyá mi lọ ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi. Wáyà tó bá a wá láti Japan ló ṣì wà nínú rẹ̀, réwáyà kankan ò gé e rí. Ẹni tó mọ alùpùpù àtijọ́ á mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Fíùsì onígíláàsì kan ṣoṣo, ti 15 amp (nọ́ńbà yẹn ni ìwọ̀n iná tó lè gbé; bí iná bá jù ú lọ, ó yẹ kó já), ló ń ṣọ́ gbogbo iná inú rẹ̀. Ilé fíùsì ọ̀hún ti gbó. Idẹ tó fi dì í mú ní orí méjèèjì ti rọ̀, ó ti dípẹtà, ibẹ̀ a máa gbóná débi pé ọ̀rá rẹ̀ ti ń yọ́. Bí mo bá kó sí gálọ́ọ̀pù, iná iwájú á kú, á tún tàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fi àpótí fíùsì pẹlẹbẹ bíi ti ọkọ̀ rọ́pò rẹ̀, kí iná iwájú, iná ẹ̀yìn, họ́ọ̀nù àti ṣájì ní tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Èrò yẹn ò burú. Mo tún un sọ, èrò yẹn ò burú!

Orí fóònù ni mo ti rí ọkùnrin náà. "Ẹ̀gbọ́n mi" ló ń pè mí. Ó fi fọ́tò àpótí dúdú kan ránṣẹ́, pẹ̀lú páálí fíùsì aláwọ̀ oríṣiríṣi. Ó ní ojúlówó ni, ó ní Jámánì ló ti wá, ó fi ọmọ rẹ̀ búra. Ó fi ọmọ búra nítorí fíùsì! Mo san 18,000 náírà, mo tún san 2,500 kí wọ́n tó gbé e dé Ìbàdàn. Bàbá réwáyà àdúgbò wa ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé kí n ra ilé fíùsì onígíláàsì tuntun, kí n yé dààmú ara mi. Mi ò gbọ́. Àgbàlagbà bíi tèmi, mi ò gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ gbà mí rò: ta ló máa ro pé wọ́n ń ṣe ayédèrú fíùsì, nǹkan tí iṣẹ́ rẹ̀ ò ju kó já lọ?

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni. Mo ń bọ̀ láti Mọ́níyà, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Ọjọ́ọ̀. Wáyà iná iwájú ti ń ha mọ́ irin níbi tí ọwọ́ alùpùpù ti ń yí, ara rẹ̀ bó, ó bíríìjì. Ìyẹn máa ń ṣẹlẹ̀ sí alùpùpù tó ti dàgbà, torí rẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe ń fi fíùsì sí nǹkan. Ti 10, pupa, ni mo fi síbẹ̀. Ó yẹ kó já lójú ẹsẹ̀. Kò já. Mo gbóòórùn ọ̀rá tó ń jó, mo rò pé ẹnì kan ló ń sun pàǹtí lẹ́bàá títì, àfi bí ooru ṣe ta mí nítan, tí èéfín funfun yọ lábẹ́ táǹkì. Táǹkì tí epo kún inú rẹ̀! Mo bẹ́ sílẹ̀, mo fọwọ́ lásán fa wáyà kúrò lórí bátìrì. Awọ ìka mi méjì ṣì bó bí mo ṣe ń kọ èyí. Wáyà bàbá mi, pupa, dúdú, aláwọ̀ ewé, gbogbo rẹ̀ yọ́ lẹ̀ pọ̀ di ìṣù kan.

Mo ṣí àpótí. Fíùsì 10 yẹn wà níbẹ̀ digbí.

Bàbá réwáyà fi ẹ̀mú fọ́ ti 5 àti ti 30 lójú mi. Irin inú méjèèjì, ìwọ̀n kan náà! Ọ̀rá òde nìkan ni wọ́n pààrọ̀ àwọ̀ rẹ̀, tí wọ́n tẹ nọ́ńbà lé lórí. Wọ́n mú ti 5 mìíràn, wọ́n fi gbé gílóòbù iwájú ọkọ̀ mẹ́ta, oní-55 watt, lórí bátìrì 12 volt. Ìyẹn lé ní 13 amp. Ojúlówó ò ní pẹ́ já. A dúró, à ń wò ó, gílóòbù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tàn yòò fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀rá fíùsì ti ń rọ̀, irin inú rẹ̀ ò já. Bàbá ò sọ pé "ṣé mo wí fún ọ?" Wọ́n kàn mirí ni. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo pe ọkùnrin náà. Ó ní èmi ni mo so ó sódì. Fíùsì wo ló ní òdì? Bó o bá yí i síhìn-ín, bó o yí i sọ́hùn-ún, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe! Nígbà tí mo ní mo ti fọ́ ọ wò, ó dí nọ́ńbà mi pa. Gbájú-ẹ̀ ni. Olè ni. Ẹni tó bá sì ń sọ pé nǹkan pọ́ọ́kú ni mo ń wá, 18,000 kì í ṣe owó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ mi.

Ẹ gbé fíùsì sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wo inú rẹ̀: irin ti 5 gbọ́dọ̀ tín-ín-rín ju ti 30 lọ. 10 pupa ni, 15 búlúù, 20 yẹ́lò, 30 àwọ̀ ewé. Bó bá yàtọ̀, ẹ dá a padà. Ẹ fi gílóòbù dán ọ̀kan wò nínú páálí kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí fíùsì àgbà kan wà nítòsí bátìrì. Bí fíùsì bá sì ń já, ẹ má fi nọ́ńbà ńlá sí i, ẹ má sì fi bébà inú sìgá dí i; wáyà ló ń ṣọ́, kì í ṣe gílóòbù.

Ní tèmi, mi ò gba ẹnikẹ́ni nínú wọn gbọ́ mọ́. Oní-púlọ́ọ̀gì, oní-kọ́ìlì, oní-bátìrì, gbogbo wọn ló ń pariwo ojúlówó. Bóyá olóòótọ́ wà níbẹ̀, èmi ò tíì pàdé rẹ̀.

Mò ń wá odindi wáyà CB175 tí wọn ò tíì gé. Ẹni tó bá ní in, ẹ jẹ́ kí n gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi. Màá wá síbẹ̀ fúnra mi, màá sì mú bátìrì àti gílóòbù dání, kí n tó yọ kọ́bọ̀ lápò.