Ìkànnì ìdánwò tí a fi ń ṣa àwọn tó ń wáṣẹ́: ibi tó ti wúlò àti ibi tó ti ń fowó ṣòfò

Ìkànnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń dán àwọn tó ń wá iṣẹ́ akáńtáǹtì lọ́dọ̀ wa wò. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, torí pé irú wọn pọ̀, ìwà wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Iṣẹ́ àṣewò, ìyẹn kí ẹni tó ń wáṣẹ́ ṣe díẹ̀ lára iṣẹ́ náà gan-an ká lè rí i, ló mú kí n ṣì máa sanwó fún un. Ó gbà mí láyè láti gbé fáìlì Excel tèmi síbẹ̀. Mo gbé àkọsílẹ̀ owó oṣù kan síbẹ̀ tí rísíìtì kan ti wọlé lẹ́ẹ̀mejì, tí àròpọ̀ ò sì bá ti báǹkì mu. Mo ní kí wọ́n wá ibi tí àṣìṣe wà, kí wọ́n sì kọ ìlà mẹ́ta ṣàlàyé fún ọ̀gá. Ìlà mẹ́ta yẹn ló ń tú àṣírí! Ẹnì kan tó ní ògbóǹtarìgì lòun nínú Excel kàn tẹ nọ́ńbà kan bọ àárín kí àròpọ̀ lè dọ́gba. Ẹlòmíì ò tiẹ̀ parí, àmọ́ ó kọ ọ́ pé: "Rísíìtì yìí wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò tíì yọ ọ́, mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ rí i." Òun la gbà.

Ní ti ìbéèrè mú-ọ̀kan-nínú-mẹ́rin, ẹ gbàgbé ẹ̀. Láti ìgbà tí ChatGPT, ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè téèyàn bá tẹ̀ sí i, ti jáde lópin 2022, ẹni tó bá ti ní fóònù kejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti yege. Kámẹ́rà tí wọ́n ní yóò mú oníjìbìtì ń fura sí ẹni tó bojú wo bébà tó fi ń ṣírò. Mo ti pa á.

Lọ́dún 1998, Schmidt àti Hunter, àwọn olùṣèwádìí tó fi àwọn ọ̀nà tí a fi ń mọ ẹni tó máa ṣiṣẹ́ dáadáa wéra, fi iṣẹ́ àṣewò sí iwájú pátápátá. Nígbà tí Sackett àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún un ṣírò lọ́dún 2022, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí wọ́n ti ń bi gbogbo èèyàn ní ìbéèrè kan náà, tí wọ́n sì ń fi òṣùwọ̀n kan náà fún wọn ní máàkì, ló bọ́ síwájú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pe kálukú lẹ́yìn ìdánwò pé kó ṣàlàyé fáìlì tó ṣe. Ìkànnì yìí ò ní ibi tí èèyàn lè kọ máàkì ìyẹn sí, ìwé lásán ni mò ń kọ ọ́ sí.

Wákàtí kan ààbọ̀ ni wọ́n dábàá fún ìdánwò. Ó ti pọ̀ jù fún ẹni tó ṣì ń ṣiṣẹ́ níbòmíì, ogójì ìṣẹ́jú ni mo dín in kù sí. Èyí tó ń bí mi nínú jù ni pé ẹni tó ṣèdánwò kì í rí èsì rẹ̀ àfi tí èmi fúnra mi bá fi ránṣẹ́ sí i.