Ọdún mẹ́ta pẹ̀lú fáolínì Mirecourt tó ń jẹ́ orúkọ Vuillaume

Ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ sínú fáolínì mi ní Jean-Baptiste Vuillaume, gbajúgbajà aṣefáolínì ilẹ̀ Faransé, ló ṣe é, ní Paris, nílé kẹrìndínláàádọ́ta, rue Croix-des-Petits-Champs. Mo ti mọ̀ kí n tó sanwó pé òun kọ́. Ẹni tó tà á fún mi ní Lọ́ńdọ̀nù kò fi bò: ilé iṣẹ́ kan ní Mirecourt, ní ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, ló ṣe é ní nǹkan bí 1900, wọ́n kàn lẹ orúkọ ńlá mọ́ ọn kó lè tà. Èyí tí Vuillaume fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nọ́ńbà sí nínú, owó ilé ni. £850 ni mo san.

Mirecourt yìí ni wọ́n ti bí Vuillaume náà ní 1798. Ó gba Paris lọ ní 1818, nígbà tó sì di 1828 ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Iṣẹ́ Stradivari àti Guarneri, àwọn ọ̀gá aṣefáolínì ilẹ̀ Ítálì àtijọ́, ló máa ń wò ṣe, débi pé ó máa ń fi fáníṣì ya ibi tí àgbọ̀n àti ọwọ́ ì bá ti jẹ igi láti ọdún pípẹ́. Wọ́n ní nígbà tí Paganini, ọ̀gá nínú fífa fáolínì, gbé fáolínì rẹ̀ wá fún àtúnṣe, tí Vuillaume ṣe ẹ̀dà rẹ̀, Paganini fúnra rẹ̀ kò tètè mọ èwo ni tòun. Ẹ̀dà yẹn ṣì wà ní Genoa, ní Ítálì. Ẹ̀dà iṣẹ́ ẹlòmíràn ni òun náà ń ṣe; nítorí náà ni orúkọ inú tèmi kò fi bí mi nínú. Wọ́n ya ibi tó gbó sí èjìká tèmi náà, àmọ́ ojú rí i pé kíkùn ni, torí ó ti dọ́gba jù.

Ohùn ńkọ́? Okùn G rẹ̀, èyí tí ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ jù, ki, ó kún, ó máa ń gba inú ṣọ́ọ̀ṣì wa já láìsí maikirofóònù. Okùn D náà dára. Okùn E, èyí tí ohùn rẹ̀ ga jù, ló han etí. Mo pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó rọ̀.

Ohun tó fẹ́ bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni àtúnṣe. Igi róbótó kékeré kan wà nínú fáolínì láàárín àyà àti ẹ̀yìn rẹ̀, ọkàn ni àwọn Faransé ń pè é. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo gbé e fún gé e kúrú, ohùn náà sì há bí ẹni tí òtútù mú. Oṣù méjì ni mi ò lè fi ta orin gidi kankan. Ẹnì kejì gbẹ́ òmíràn, ó sún un díẹ̀ síwá, díẹ̀ sẹ́yìn, bí mo ṣe ń fà á níwájú rẹ̀, títí ohùn fi là. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Nígbà òtútù, tí ẹ̀rọ amúlégbóná bá ti gbẹ afẹ́fẹ́ ilé, èèkàn tí wọ́n fi ń fa okùn rẹ̀ le máa ń yọ̀, okùn á sì dẹ̀. Ẹ fi ohun tó ń fún afẹ́fẹ́ ní ọ̀rinrin sínú àpótí rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀, ẹ má wo ìwé inú rẹ̀ rárá. Ẹ tan iná tọ́ọ̀ṣì sínú, ẹ wo ẹ̀yìn níbi tí igi ọkàn dúró sí: tó bá ti là níbẹ̀, ẹ gbé e padà fún wọn.