Àwòrán obìnrin ọlọ́lá: iṣẹ́ ilé Lely àbí ẹ̀dà rẹ̀, èwo ni kí ẹ rà?

Nínú ìwé gbàǹjo ní London, ẹ lè bá àwọn méjèèjì pàdé: obìnrin ọlọ́lá nínú aṣọ sẹ́dà, ìlẹ̀kẹ̀ lọ́rùn, ipénpéjú tó rẹlẹ̀ bíi ti ẹni tí oorun ń kùn. Wọ́n á kọ "Studio of Sir Peter Lely" sábẹ́ ọ̀kan, "After Sir Peter Lely" sábẹ́ èkejì. Ayàwòrán ní England láyé àtijọ́ ni Lely. Ẹ má fojú yẹpẹrẹ wo ọ̀rọ̀ yẹn o, òun ló ń pinnu iye tí ẹ máa san.

"Studio of" ni pé inú ilé iṣẹ́ Lely ni àwòrán náà ti jáde. Ní 1661 ló di ayàwòrán àgbà fún Ọba Charles Kejì, iṣẹ́ sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé ó fi nọ́ńbà sí oríṣiríṣi ọ̀nà tí ẹni tó ń yà lè gbà jókòó. Ọ̀gá á ya ojú, ọmọọ̀ṣẹ́ á parí aṣọ. Ẹ̀dà ni "After" ní tirẹ̀: ó lè jẹ́ ti 1700, ó lè jẹ́ ti 1880.

Ojú obìnrin náà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Òjìji tó wà lábẹ́ àgbọ̀n àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú máa ń fẹ́lẹ́ gan-an, òun sì ni ìfọ̀kufọ̀ máa ń kọ́kọ́ bó lọ. Mo ti dúró níwájú iṣẹ́ ilé Lely kan tí aṣọ rẹ̀ ń dán yinrin, àmọ́ tí ojú rẹ̀ ti pẹrẹsẹ bí àwo. Ó dùn mí wọra. Èmi ò ní ra irú ẹ̀ láé, orúkọ yòówù kó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀dà tí ojú rẹ̀ ṣì pé sàn jù ú lọ fíìfíì.

Ti ẹ̀yìn àwòrán kò le: bí ẹ bá rí kánfáàsì (aṣọ tí wọ́n ń ya àwòrán sí) tuntun níbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rí ayédèrú, wọ́n sábà máa ń lẹ òmíràn mọ́ ti àtijọ́ kó má baà ya. Àwọ̀ ló máa ń tú àṣírí. Lely kú ní 1680, Prussian blue, ọ̀dà búlúù kan, kò sì tíì sí láyé nígbà náà. Bí àyẹ̀wò bá rí i nínú ọ̀dà ìpìlẹ̀ aṣọ búlúù obìnrin náà, kì í ṣe ilé Lely ló ti wá.

Kí ẹ tó nawọ́ ní gbàǹjo, ẹ béèrè ìwé ìròyìn nípa ipò tí àwòrán náà wà, kí ẹ sì ní kí wọ́n tan iná UV (ìtànṣán tí ojú lásán kì í rí) sí i níṣojú yín. Ibi tí wọ́n ti tún kùn máa ń dúdú lábẹ́ iná yẹn. Bó bá jẹ́ ojú ló kún fún dúdú, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.