Driver I2C tó ní àléébù nínú kernel Linux: ṣé quirk ni ká kọ ni, tàbí ká tún driver ṣe láti ìpìlẹ̀?

I2C ni ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà bá àwọn chip kéékèèké sọ̀rọ̀ lórí wáyà méjì: SDA fún dátà, SCL fún aago. Driver ni apá kernel (ọkàn Linux) tó ń darí wọn; quirk sì ni àtúnṣe kékeré tó wà fún ẹ̀rọ kan pàtó nìkan. Quirk tí a kọ fún ẹ̀rọ kan ṣoṣo kì í gbà ju ìlà mélòó kan lọ, ewu rẹ̀ sì kéré, nítorí pé kò kan àwọn ẹ̀rọ yòókù. Àtúnṣe láti ìpìlẹ̀ ń gba sùúrù, a sì ní láti dán an wò lórí oríṣiríṣi chip, ṣùgbọ́n òun ló máa ń tọ́jọ́ jù.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan. Bí kọ̀ǹpútà bá tún ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ó ń ka nǹkan lọ́wọ́ lára chip, chip náà lè di wáyà SDA mú sí 0, kí gbogbo bus (wáyà méjèèjì tí àwọn chip jọ ń lò) sì dákẹ́. Ìlànà I2C fúnra rẹ̀ ní kí a mi SCL sókè sódò ní ìgbà 9 kí chip náà lè jọ̀wọ́ SDA. Driver tí kò bá ṣe èyí ló ní àléébù, quirk yóò kàn bo ọgbẹ́ náà mọ́lẹ̀ ni, mi ò sì fara mọ́ ọn rárá. Ṣùgbọ́n bí chip kan ṣoṣo bá ń ṣìṣe ní ìyára 400 kHz tí ìwé rẹ̀ ṣèlérí, tí ó sì ń ṣe dáadáa ní 100 kHz, quirk ló tọ́ sí i.

Ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà yóò rí i pé àtúnṣe kékeré ló yá, nítorí pé ìlànà kernel stable (ẹ̀yà kernel tó ti jáde, tí àtúnṣe àléébù ń wọ̀) kò fàyè gba patch (àyípadà kóòdù) tó ju ìlà 100 lọ. Níbi tí àléébù kan náà bá ti ń yọjú lórí chip méjì tàbí mẹ́ta, driver ni kí a tún ṣe.