Dáì inú páálí: bí mo ṣe rí i

Ẹni tí ewú bá ti yọ sí lórí á mọ páálí tí mò ń sọ. Àwòrán obìnrin kan wà lára rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín, irun rẹ̀ ń dán, àwọ̀ rẹ̀ sì dọ́gba láti ìdí dé ṣóńṣó. Nínú páálí náà ni ẹ ó ti bá ike olómi kan, dáì nínú túùbù, ìbọ̀wọ́ ọ̀rá tó fẹ́lẹ́, kọndíṣọ́nà díẹ̀, àti ìwé kan tí lẹ́tà rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbé e lọ sẹ́nu fèrèsé kí n tó lè kà á. Búráùn ni mo rà. Irun tèmi dúdú, ewú wà níwájú àti ní ẹ̀bátí méjèèjì, gbogbo ìyókù sì ti gba dáì dúdú tẹ́lẹ̀. Mo ṣe bí ìwé ṣe wí gẹ́lẹ́. Nígbà tí mo fọ̀ ọ́ tán, ìdí irun iwájú pọ́n rúsúrúsú, àárín ṣe bíi búráùn, ṣóńṣó dúdú bó ṣe wà, ewú ẹ̀bátí sì ṣì wà níbẹ̀ kedere.

Dáì náà kò bàjẹ́. Ohun tí mo ní sí i ni pé ike kan ṣoṣo ni wọ́n fi síbẹ̀ fún gbogbo orí, orí ò sì rí bákan náà.

Hydrogen peroxide ló wà nínú ike yẹn. Agbára rẹ̀ máa ń yàtọ̀: 3% wà, 6% wà, 9% wà, ó sì ń lọ dé 12%. Èyí tó jẹ́ 6% ni àwọn onídìrí ń pè ní 20 volume, 12% ni 40 volume. Amóníà tó wà nínú dáì ló ń mú kí èèpo irun wú kó sì là, kí ohun tí a pò pọ̀ lè ráyè wọlé. Peroxide á wá bó díẹ̀ kúrò nínú àwọ̀ tí Ọlọ́run dá mọ́ irun, á sì mú kí àwọn èròjà dáì so mọ́ra wọn nínú irun, títí wọn á fi tóbi ju ọ̀nà tí wọ́n gbà wọlé lọ. Ìdí nìyẹn tí ọṣẹ kì í fi í ṣí i.

Ẹ wá wo orí tèmi. Awọ orí ń móoru, ooru yẹn sì ń yára mú dáì ṣiṣẹ́ ní ìdí irun ju ibòmíràn lọ. Ewú le, kì í tètè gba àwọ̀. Ṣóńṣó ti gbẹ, dáì àtijọ́ sì ti kún inú rẹ̀. Dáì tuntun kò sì lè lé dáì àtijọ́ jáde. Irun dúdú tí a bá fẹ́ sọ di búráùn, á kọ́kọ́ kọjá lára pupa, á dé àwọ̀ ọsàn, kó tó fúyẹ́ sí i. Onídìrí tó mọṣẹ́ á fọwọ́ kan irun yín ná, á bi yín pé kí lẹ ti fi sí i rí, á wá po ọ̀kan fún ìdí, á po òmíràn fún ṣóńṣó. Páálí ò lè bi yín ní nǹkan kan.

Ọ̀rọ̀ ìpàkọ́ tún wà ńbẹ̀. Kò sí bí mo ṣe gbé dígí kejì sí tí mo fi rí gbogbo ẹ̀yìn orí mi. Ọwọ́ kan di ìyarun mú, ọwọ́ kejì ń tẹ ike, ìbọ̀wọ́ tó tóbi jù ń yọ̀, dáì ń ṣàn gba ẹ̀yìn etí wọ inú ọrùn aṣọ. Bí mo ṣe ń ṣe èyí, irun iwájú tí mo kọ́kọ́ fi kàn ti ń mu dáì lọ ní tirẹ̀. Ìwé ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣẹ́jú nígbà tí mo bá parí, èyí já sí pé iwájú á pẹ́ nínú rẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ dáadáa. Tí irun yín bá kún, ẹ ra páálí méjì, torí kò sẹ́ni tó lè dúró láàárín kó lọ ra òmíràn.

Gbogbo ìyẹn ṣì kéré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó ṣe àbúrò mi obìnrin. Ó ti ń lo irú dáì bẹ́ẹ̀ tipẹ́, kò ṣe é ní nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan ó fi sórí, kò rí nǹkan kan lálẹ́ ọjọ́ náà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì ti wú débi pé ekukáká ló fi ń ríran, etí rẹ̀ lé ròrò, omi sì ń jáde lára awọ orí. PPD ni wọ́n ń pe èròjà tó sábà máa ń fa irú èyí, ó sì wà nínú ọ̀pọ̀ dáì dúdú àti búráùn. Ara lè gbà á fún ọdún pípẹ́, kó wá kọ̀ ọ́ lójijì. Ẹni tó bá ti fi làálì dúdú ya àwòrán sára rí tó sì yún un, kó má dán dáì yìí wò rárá, torí wọ́n máa ń po PPD mọ́ làálì bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jọ̀ọ́, ìdánwò wákàtí 48 tí wọ́n kọ sínú ìwé yẹn, ìyẹn kí ẹ fi dáì díẹ̀ kan awọ ara kí ẹ sì wò ó bóyá ara á kọ̀ ọ́, ẹ máa ṣe é ní gbogbo ìgbà, kódà tó bá jẹ́ dáì kan náà lẹ ń rà láti ọjọ́ yìí. Tó bá ń jó yín lórí, ẹ fọ̀ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀, ẹ má ka ìṣẹ́jú kankan mọ́. Tójú bá wú tàbí tí mímí bá ṣòro, ilé ìwòsàn ni. Ẹ má sì fi kan irun ojú tàbí irun ìpéǹpéjú láé. Ó lè fọ́ ojú.

Ẹni tó ń lo rílásà náà, kó fi ó kéré tán ọ̀sẹ̀ méjì sáàárín méjèèjì. Irun tí wọ́n bá jọ jẹ lẹ́ẹ̀kan náà á máa já mọ́ ìyarun.

Ṣé mo tún máa rà á? Dúdú, bẹ́ẹ̀ ni, fún ewú nìkan. Àwọ̀ tó bá sún mọ́ tẹni tàbí tó dúdú jù ú lọ, tí a fi sí ìdí irun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù nìkan, ó ń ṣe dáadáa. Irun ń gùn tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 1 lóṣù, ibi kékeré yẹn ni kẹ́ ẹ fi kàn, ẹ má fà á dé ṣóńṣó. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ kí irun òun fúyẹ́ ju bó ṣe wà lọ, ọ̀dọ̀ onídìrí ni kó gbà lọ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ike lẹ́yìn tí ẹ ti pò ó, ẹ dà á nù. Tí ẹ bá dé e pa, afẹ́fẹ́ á kún inú rẹ̀, ó sì lè bẹ́.