Rutherford Scattering ti PhET: ẹ fọwọ́ ara yín darí alpha

Ìwé físíìsì máa ń sọ pé nucleus kéré, pé àárín átọ́ọ̀mù ló wà. Kí èèyàn há a sórí kò nira. Kó yé e ló ṣòro. Ohun tó jẹ́ kó yé mi yékéyéké ni Rutherford Scattering, àfihàn orí kọ̀ǹpútà tí PhET ti Yunifásítì Colorado Boulder ṣe. Ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ kọ́kọ́ ṣí Plum Pudding Atom, àbá onímọ̀ físíìsì J. J. Thomson ti 1904, níbi tí iná pọ́sítíìfù ti tàn ká gbogbo átọ́ọ̀mù. Ẹ rọ́jò alpha, èérún kékeré tó ní iná pọ́sítíìfù lára, lù ú: gbọọrọ ni gbogbo wọn ń gbà á kọjá. Ẹ wá bọ́ sí Rutherford Atom, ẹ yan ìwòye tó sún mọ́ nucleus, kí ẹ sì tẹ Traces kí ipa alpha kọ̀ọ̀kan lè hàn. Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà! Alpha tó gba ọ̀nà jíjìn kọjá yà díẹ̀, èyí tó sún mọ́ àárín yà gan-an. Èyí tó dojú kọ nucleus tààrà ń dẹwọ́ eré díẹ̀díẹ̀, á dúró, á sì ṣẹ́rí padà. Kò fara kan nucleus rárá o. Iná pọ́sítíìfù àwọn méjèèjì ló ń ti ara wọn. Bí alpha bá tiẹ̀ ní agbára 7.7 MeV (MeV ni ìwọ̀n agbára èérún), nǹkan bíi 30 femtometre (ìwọ̀n gígùn tó kéré gan-an) sí àárín nucleus góòlù ló ti máa ṣẹ́rí, nígbà tó jẹ́ pé nucleus ọ̀hún kò ju nǹkan bíi femtometre 7 lọ láti àárín dé etí.

Ẹ dín agbára alpha kù, ẹ óò rí i pé yíyà wọn á pọ̀ sí i. Ẹ fa proton, èérún inú nucleus tó ní iná pọ́sítíìfù, wálẹ̀ láti 79 (iye ti góòlù) sí 20, yíyà náà á rọlẹ̀. Ẹ wá yí iye neutron, èérún kejì inú nucleus, bó ṣe wù yín: ọ̀nà tí alpha ń gbà ò yí padà. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí kò sí àlàyé ẹnu tó fi hàn báyìí pé neutron kò ní iná lára.

Ẹ ṣọ́ra fún ohun kan ṣá. Nínú ìwòye nucleus, alpha tó ń ṣẹ́rí pọ̀ lójú, torí pé wọ́n ti fẹ ibẹ̀ lójú púpọ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ físíìsì Geiger àti Marsden rọ́jò alpha gidi lu platinum ní 1909, bíi 1 nínú 8,000 ló padà sẹ́yìn. Nítorí náà, ẹ máa padà sí ìwòye átọ́ọ̀mù lóòrèkóòrè. Àfihàn yìí kì í ka iye alpha tó gba igun kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ rí bí iye wọn ṣe ń já wálẹ̀ bí igun ṣe ń fẹ̀, kó mú ìṣirò Rutherford ti 1911 dání, kó máa ṣe é lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.